Ọ̀sẹ̀ Tí A Ka Ìpín Ẹ̀tẹ̀

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà tí mò ń ṣe ní Peckham nílùú òyìnbó máa ń gbé mi dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tó jẹ́ Júù. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ojú rẹ̀ kò sì lè kàwé mọ́. Kánsù ní kí n bá a se oúnjẹ, kí n bá a fọ ẹ̀yìn, kí n rí i pé ó lo oògùn. Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan pé kí n máa ka Tórà, ìwé òfin àwọn Júù, fún un. Àwa méjèèjì la fìyẹn kún un.

Àwọn Júù pín Tórà sí ìpín-ìpín, ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ọdún á fi yí po. Bàbá yìí ló ń kọ ẹ̀kọ́ kúkúrú lórí ìpín ọ̀sẹ̀ fún ìwé ìròyìn sínágọ́gù wọn: kí ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ yìí ní í bá Júù òde òní sọ, ẹni tó ń sáré bọ́ọ̀sì láàárọ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lókè òkun. Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣú, ó ní kí n máa kà, òun á máa sọ, kí n máa kọ ọ́. Prámárì mẹ́fà ni mo kà dé, ṣùgbọ́n sínágọ́gù kò tíì lé mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo ṣí ìwé, mo rí i pé ìpín ẹ̀tẹ̀ ló kàn: àbààwọ́n lára, egbò, irun tó funfun. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fo eléyìí."

Ó ní gbogbo ayé ló ń fò ó, ìyẹn ló jẹ́ kí òun fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé nǹkan dúdú kan hù sẹ́yìn mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká òsì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Ní báyìí ó ti fẹ̀, ó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀ sí síńgílẹ́ẹ̀tì mi. Mi ò sọ fún ẹnì kan. Èmi ni mò ń ṣe dókítà ara mi: òróró àdúrà láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mò ń fi pa á, mo so òwú mọ́ ìdí ṣíbí ọbẹ̀ nítorí ọwọ́ mi ò débẹ̀. Mo ń ti balùwẹ̀ pa kí ìyàwó mi má bàa wọlé. Ọkùnrin tó ń wẹ àgbàlagbà mẹ́rin lóòjọ́, tí kò sí ohun tí kò rí rí lára ènìyàn, ara tirẹ̀ ló wá ń sá fún.

Ṣá, mo kà á. Ẹni tó bá rí àbààwọ́n lára, kí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ àlùfáà. Àlùfáà á wò ó. Bí kò bá dá a lójú, wọ́n á yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ méje, àlùfáà á tún un wò. Mo kà á títí, mo ṣí ojú ìwé padà, mo rò pé abala méjì ló lẹ̀ pọ̀.

Mo ní, "Bàbá, níbo ló ti gbàdúrà fún un?"

"Kì í gbàdúrà níbí. Ó kàn ń wò ó ni."

Mo sọ fún un pé ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, kí aláìsàn tó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ènìyàn mẹ́rin á ti di orí rẹ̀ mú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, mo ń kọ. Ó ní àwọn olùkọ́ wọn sábà máa ń sọ pé sísọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn ló ń fa àrùn náà. Òun náà ti kọ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún, ó ti sú òun. Lọ́dún yìí, nǹkan mìíràn ló wu òun: òfin ò sọ pé kí ẹni náà lọ, ó ní kí wọ́n mú un lọ. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù á bà á. Àlùfáà gan-an ò gbọdọ̀ yẹ tirẹ̀ wò. Àlùfáà mìíràn ló máa wò ó. Ó ní láàárín àwọn Júù òde òní, olúkúlùkù ti ilẹ̀kùn fúláàtì rẹ̀, ó ń ṣe àlùfáà ara rẹ̀. Kí ẹni tó bá ka èyí ronú kan ẹnì kan tí wọn ò rí ní sínágọ́gù mọ́, kó lọ kan ilẹ̀kùn.

Bírò mi dúró. Ojú bàbá ò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

"O ò kọ̀wé mọ́."

"Bàbá, ọ̀kan wà lẹ́yìn mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù méjì." Ó yí etí sọ́dọ̀ mi. "Oṣù méje."

"Ta ló ti wò ó?"

Mo ní kò sí. Ó ní, "Ojú mi ò lè wò ó. Ṣùgbọ́n mo lè mú ọ lọ."

Lọ́jọ́ Ajé, a rọra gba òpópónà Rye Lane lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró sinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo ní ká padà, mo fi àárẹ̀ tirẹ̀ bojú. Ńṣe ló ń ti férémù ìrìn rẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bi bàbá ní orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Èmi kọ́ ni aláìsàn. Èmi ni mo mú un wá."

Dókítà obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ní kí n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó gbé awò kékeré tó ní iná lé e, ó wò ó, ó tún un wò. Bàbá ti kọjú sí ògiri kí ojú má bàa tì mí. Dókítà ní òun ò fẹ́ràn bó ṣe rí, pé wọ́n máa gé e, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò, èsì á tó ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bi í bóyá màá kú. Ó ní òun ò tíì lè sọ, ṣùgbọ́n ó dáa pé mo wá.

Wọ́n gé e lọ́sẹ̀ yẹn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì níwájú ìyàwó mi, mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé èmi lẹ ń sá fún láti ọjọ́ yìí?" Ó lọ fọ ọwọ́, ó jókòó sẹ́yìn mi, ó wò ó pẹ́.

Èsì dé nígbà tí mò ń gé kárọ́ọ̀tì nílé bàbá. Mo tẹ fóònù kí àwa méjèèjì lè gbọ́, àmọ́ bàbá nìkan ló gbọ́. Ẹ̀rù ti di mí létí. Mo ní kí bàbá tún un sọ fún mi. Ó ní jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀ kúrò kó tó wọlé jìnnà. Kí n máa wá lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta kí wọ́n máa wò mí.

Mo ṣì ń bẹ̀rù. Bó bá ku ọ̀la tí mo máa lọ, mo máa ń ní ó ṣeé ṣe kí dókítà má ráàyè tèmi. Ìyàwó mi á ti wọ kóòtù, bàbá á ti tẹ̀ mí láago. Àwọn méjèèjì ò tíì ríra rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú mi lọ.