Eyín Tí Kọ̀ǹpútà Ní Wọ́n Ti Yọ

Lásìkò Sáàpù, tí ìlú le, tí àwọn ṣọ́jà ń ṣèjọba, ilé iṣẹ́ wa ní Oregun ló ń sanwó ìtọ́jú eyín fún àwa òṣìṣẹ́. Káàdì pélébé kan, tí kò ní fọ́tò, la máa ń mú lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà eyín tí ilé iṣẹ́ yàn fún wa. Èmi ò lọ rí, àfi ìgbà tí eyín ńlá kan lẹ́yìn, nísàlẹ̀ lápá òsì, fẹ́ pa mí.

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà. Nọ́ọ̀sì tẹ nọ́ńbà mi, àwòrán eyín sì tò lójú ẹ̀rọ náà, òkè àti ìsàlẹ̀. Ó wo àwòrán, ó wo ẹnu mi, ó tún wo àwòrán.

"Ọ̀gá, eyín tẹ́ ẹ ní ó ń dùn yín yìí, a ti yọ ọ́."

"Ẹ yọ kí ni?"

"A kọ́kọ́ dí i. Nígbà tó yá, ó tún dà yín láàmú, la bá yọ ọ́. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbí."

Mo dìde lórí àga. Mo ní àkọ́kọ́, mi ò débí rí. Èkejì, eyín wà lẹ́nu mi. Ẹ̀kẹta, wọ́n ti gbowó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mi lórí irọ́. Mo ní èmi kì í ṣe púrúǹtù, yunifásítì ni mo ti jáde. Ẹni tó ń lo orúkọ mi, àfi kí wọ́n bá mi fi ọlọ́pàá mú un. Gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ló ń gbọ́ mi. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ni.

Dókítà jáde, ó fa bírò yọ. "Ẹ farabalẹ̀, ọ̀gá. A ó pe ọlọ́pàá. Nọ́ọ̀sì, ṣé o rántí ẹni náà?"

"Mo ti wá rántí, sà. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé. Ìka méjì ò sí lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀rọ ló gé ìka wọn níbi iṣẹ́, ọ̀gá wọn sì lé wọn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ba ẹ̀rọ jẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ní Ọgbà ni wọ́n ń gbé láti ìgbà náà.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?" Dókítà bi mí.

"Èmi ni. Èmi ni mo wá yọ eyín. Mo gbàgbé ni."

Nọ́ọ̀sì wo ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ìyá kan tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú pariwo: "Há! Eyín hù padà, ìka náà hù padà! Dókítà, irú oògùn yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fún mi o!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, títí kan ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lábẹ́rẹ́, tí ètè rẹ̀ ti kú. Dókítà ti bírò bọ àpò. Mo mú káàdì mi, mo gbé eyín mi jáde.

Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ nílé: olè ni, irọ́ ni, iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń fi apá kan ẹnu jẹ gààrí. Inú yàrá kan la jọ ń sùn, wọ́n jẹ̀rora títí eyín fi kúrò lẹ́nu wọn, mi ò mọ̀. Ẹjọ́ ni mo máa ń rò wọlé lálaalẹ́: ta ló rẹ́ mi jẹ, ta ló tún ń tọrọ owó lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ ọ. Ó rọrùn fún wọn láti mú káàdì mi ju kí wọ́n bẹ̀ mí lọ.

"Àbúrò mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ wú. Ṣé eyín ni?"

Wọ́n bu omi gbígbóná, wọ́n po iyọ̀ sí i, wọ́n fi ìka mẹ́ta gbé ife náà fún mi.

"Dà á sẹ́nu. Má tètè tu ú."

Mo dà á sẹ́nu. Mi ò tètè tu ú. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa retí kí n sọ̀rọ̀.