Àgékù Aṣọ Lára Ọ̀pẹ

Láàárín ilé wa àti ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọbìnrin mi ń lọ, odò kan wà tí kì í ṣe odò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ènìyàn lè tẹ́ ẹní sínú rẹ̀ kí ó sùn. Ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ a máa sán, ojú sísán náà a sì fẹ̀ débi pé mo máa ń kìlọ̀ fún ọmọ mi kí ó má ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì tẹ̀ léra, omi a kó jọ láti àwọn oko àgbàdo tó wà lókè, a gba orí ọ̀nà wa kọjá, a sì máa lọ bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbì kan. Láti ẹnu ọ̀nà mi dé etí omi náà, ìṣísẹ̀ ẹgbẹ̀rin ó lé méjìlá ni. Mo ti kà á.

Aránṣọ ni mí. Mo lo ọdún mẹ́rin ní kọlẹ́ẹ̀jì, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama, nílùú Adja-Ouèrè kí n tó lọ kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ náà ti kọ́ mi pé ìbú ìka kan péré lè ba ẹ̀wù jẹ́. Bóyá òun náà ló kọ́ mi ní ìbẹ̀rù.

Ní ọdún tí ọmọ mi wọ kíláàsì àkọ́kọ́, omi dé ìdodo rẹ̀. Mo ń pọ̀n ọ́n kọjá láàárọ̀, mo sì ń padà lọ pọ̀n ọ́n lọ́sàn-án. Ní òwúrọ̀ kan, ọmọbìnrin aládùúgbò wa yọ̀ ṣubú níwájú wa. Obìnrin kan tó ń lọ sóko ló gbá a mú lẹ́wù. Ọmọ náà yè. Àpò ìwé rẹ̀ ni omi gbé lọ. Gbogbo ènìyàn dúpẹ́, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Èmi kò lè lọ. Mo dúró síbẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé n kò ní fi ọ̀rọ̀ omi yìí sílẹ̀ títí yóò fi yanjú.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá kọ́ńsẹ́yẹ̀ wa, ìyẹn ọkùnrin tí àwa ará agbègbè dìbò yàn kí ó máa gbẹnu sọ fún wa ní méérì, iléeṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àgbẹ̀ ni. Ó ní oko gbágùúdá lọ́nà Massè, ó sì ní alùpùpù kan tí ìjókòó rẹ̀ ti ya, tí èmi fúnra mi ti bá a rán lẹ́ẹ̀mejì. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń bó gbágùúdá nígbà tí mo dé. Kò dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ó gbọ́ mi dópin.

“Ìyá aránṣọ,” ó ní, “ẹ ní omi pọ̀. Gbogbo abúlé ló ń sọ pé omi pọ̀. Tí mo bá dé àárín ìgbìmọ̀ tí mo ní omi pọ̀, ẹni tó jókòó tì mí á ní tiwọn náà pọ̀. Báwo ló ṣe pọ̀ tó?”

“Ó dé ìdodo ọmọ mi.”

“Ìdodo ọmọ lọ́dún yìí kọ́ ni ìdodo ọmọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n wá.”

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ẹni tó ń fi téèpù wọn ènìyàn lójoojúmọ́ lẹ rán nírú iṣẹ́ yẹn? Ọwọ́ ti bà yín lónìí.”

Inú bí mi bí mo ṣe ń lọ sílé. Mo rò pé ó fẹ́ fi ìyẹn lé mi lọ ni. Ṣùgbọ́n kí n tó délé, mo ti mọ ohun tí n ó ṣe.

Ọ̀pẹ kan wà létí ọ̀nà náà gan-an, níbi tí omi ti ń kọjá. Ìdí rẹ̀ àti ojú ọ̀nà dọ́gba. Nígbàkúùgbà tí omi bá ga ju bí ó ṣe ga tẹ́lẹ̀ lọ, mo máa ń mú àgékù aṣọ tóóró, mo sì ń fi ìṣó kàn án mọ́ ara ọ̀pẹ náà níbi tí omi dé. Aṣọ tí mo bá ń rán lọ́wọ́ ni mo ń lò, kí n lè rántí ìgbà tí ó jẹ́. Ti ọdún kìíní pupa, mo gé e lára aṣọ ìyàwó kan. Ti ọdún kejì jẹ́ kákí, nítorí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ló kún ilé mi nígbà náà. Ti ọdún kẹta jẹ́ aláwọ̀ ewé, láti ara aṣọ Iléyá àwọn oníbàárà mi tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìwọ̀n mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà àti ìbàdí àwọn ènìyàn. Ti ọdún kẹta ló ga jù: sẹ̀ńtímítà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.

Ohun tí n kò rò ni ohun tí àwọn ẹlòmíràn yóò rò. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá rí aṣọ lára igi kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Kò pẹ́ tí mo bá awẹ́ obì nídìí ọ̀pẹ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bá epo pupa díẹ̀ nínú àfọ́kù igbá. Ní ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan tó ru igi kọjá tẹ orúnkún díẹ̀ síwájú ọ̀pẹ náà, ó wá kọjú sí mi.

“Ìwọ ọmọ yìí, òrìṣà wo lo gbé kalẹ̀ síbí?”

“Kì í ṣe òrìṣà, ìyá. Omi ni mo fi ń wọ̀n.”

“Hẹn-ẹn.” Ó ṣẹ́jú sí mi. “Má sọ. Èèwọ̀ rẹ̀ nìyẹn.”

N kò bá a jiyàn, nítorí mo ti rí àǹfààní tó wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, àwọn adẹ́mu kì í gun ọ̀pẹ. Wọ́n ń hú u ṣubú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ni, kí wọ́n tó dá a lu níbi tó dùbúlẹ̀ sí kí ẹmu máa kán. Gbogbo ọ̀pẹ tó wà nítòsí ibẹ̀ ti ṣubú tán. Tèmi nìkan ló dúró, nítorí aṣọ ara rẹ̀.

Lọ́dọọdún, kọ́ńsẹ́yẹ̀ ń gba ìwọ̀n náà lọ́wọ́ mi, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tó wà lápò rẹ̀, ó sì ń gbé e lọ sí méérì. Bí ó bá ti ń bọ̀, ó máa ń yà lọ́dọ̀ mi. “Wọ́n ní ká ní sùúrù. Mo ti sọ fún wọn pé màá tún padà wá.” Ó sì ń padà lọ lóòótọ́. Ní ọdún kẹta, ó dé pẹ̀lú ẹ̀rín.

“Wọ́n gbà! Àwọn kan máa wá wo ibẹ̀. Ìgbà wo ló dára kí wọ́n wá?”

“Kí wọ́n wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn,” ni mo dáhùn, “kí mọ́tò wọn má baà rì.”

Mo rò pé mo gbọ́n. Àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe nìyẹn lórí ilẹ̀ dúdú yìí. Nígbà òjò, mọ́tò kò lè dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà ẹ̀ẹ̀rùn la fi ń pe àlejò, àlejò kì í sì í rí ohun tí a tìtorí rẹ̀ pè é. Ọjọ́ ọjà ni wọ́n wá, nígbà tí èmi àti kọ́ńsẹ́yẹ̀ wà ní Adja-Ouèrè. Kòtò gbígbẹ ni wọ́n bá. Wọ́n wò ó, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n ri páìpù sìmẹ́ńtì kan ṣoṣo sábẹ́ ọ̀nà, tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ní ọgọ́ta sẹ̀ńtímítà.

Kọ́ńsẹ́yẹ̀ pe ìpàdé. Ó ka ìwé náà ní Faransé, ó sì tú u sí èdè wa. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi dìde.

“Kò tó,” mo ní.

“Ìyá aránṣọ,” bíríkìlà kan pariwo láti ẹ̀yìn, “ṣé ẹ fẹ́ tú etí rẹ̀ kí ẹ rán an fẹ̀ ni?”

Ẹ̀rín pa gbogbo ìpàdé. Kọ́ńsẹ́yẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò mí.

“Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín,” ó ní. “Tí a bá dá ìwé yìí padà, wọ́n lè má ṣe é lọ́dún yìí. Abúlé mìíràn lè gba páìpù náà. Òjò á tún bá wa bí a ṣe wà. Ẹ̀yin lẹ lọ́mọ, ẹ̀yin lẹ ń pọ̀n ọ́n kọjá. Kí ni ká ṣe?”

Ọmọ mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, kò sì fẹ́ kí n máa pọ̀n òun mọ́. Ó ti sọ fún mi lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, “Màmá, èmi kì í ṣe ẹyin.”

“Báyìí, gbogbo ọmọ ló ń bẹ̀rù omi yẹn,” mo ní. “Tí ẹ bá ri páìpù kékeré síbẹ̀, wọn ò ní bẹ̀rù mọ́. Èmi náà ò ní tẹ̀ lé tèmi mọ́. Omi á sì máa gba orí rẹ̀ kọjá bó ṣe ń kọjá tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa rò pé orí afárá làwọn wà. Ẹ dá a padà.”

Kọ́ńsẹ́yẹ̀ ká ìwé náà sí mẹ́rin.

“Màá dá a padà,” ó ní. “Màá sì mú ọ̀gá tó ń wọn ọ̀nà wá síwájú ọ̀pẹ yẹn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, aṣọ tí ẹ̀ ń rí lára rẹ̀ yẹn, kì í ṣe ti òrìṣà kankan o! Ìwọ̀n omi ni!”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹni méjì ni kò rẹ́rìn-ín: ìyá àgbà tó kúnlẹ̀ ọjọ́sí, àti adẹ́mu tó ni ọ̀pẹ náà.

Ọ̀gá náà ní òun ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ku ọjọ́ méjì kí ó dé nígbà tí mo lọ síbẹ̀ tí mo bá ọ̀pẹ mi nílẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ kọjú sọ́run. Adẹ́mu náà ń nu àdá rẹ̀.

“Bàbá, kí lẹ ṣe yìí?”

“Ṣebí kọ́ńsẹ́yẹ̀ ló ní kì í ṣe òrìṣà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń yí ọ̀pẹ ara mi po! Èmi gan-an ló ń bu obì síbẹ̀!”

N kò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kọ́ńsẹ́yẹ̀ dé, ó jókòó sórí ọ̀pẹ náà, ó sì gbá orí mú. “Ẹnu mi ló hú ọ̀pẹ yìí,” ó ní. Lẹ́yìn náà ó bẹ adẹ́mu kí ó má tíì dá a lu, kí ó má sì fọwọ́ kan aṣọ kankan lára rẹ̀. Bàbá náà gbà, pẹ̀lú ìkùnsínú.

Ọ̀gá tó ń wọn ọ̀nà wá lóòótọ́. Faransé ló ń sọ. Ó wo ọ̀pẹ náà, ó mi orí. Ó ní igi tó ti dùbúlẹ̀ kò lè sọ ibi tí omi dé.

Mo ti mọ̀ pé yóò sọ bẹ́ẹ̀. N kò sùn dáadáa fún òru méjì nítorí rẹ̀. Mo fi Faransé tí mo kọ́ ní kọlẹ́ẹ̀jì dá a lóhùn pé, nídìí iṣẹ́ mi, orí tábìlì ni mo ti ń wọn ẹ̀wù, ẹni tó ni ín kì í sí nínú rẹ̀. Tí mo bá ti mọ ibi tí èjìká wà, mo mọ ibi tí ìyókù wà. Mo ní kí adẹ́mu fi ibi tí ilẹ̀ dé hàn wá. Ó fi àdá rẹ̀ tọ́ka sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: gbòǹgbò àti erùpẹ̀ dúdú nísàlẹ̀, èèpo gbígbẹ lókè, ààlà wọn sì hàn kedere. Mo na téèpù mi sí ọ̀gá náà.

“Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n,” mo ní. “Èmi á ka ìwé mi lẹ́yìn tí ẹ bá pè é.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Aṣọ pupa: mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo ṣí ìwé mi, ó rí i. Kákí: àádọ́rin. Ó tún rí i. Nígbà tó dé orí aṣọ aláwọ̀ ewé, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó pe mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Kọ́ńsẹ́yẹ̀ ti gé igi kan ní ìwọ̀n yẹn gẹ́lẹ́. Ó nà án ró sójú ọ̀nà, ó sì pe ọmọ mi kí ó wá dúró tì í. Igi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àyà rẹ̀. Ọ̀gá náà wo ọmọ, ó wo kòtò gbígbẹ, ó gbójú sókè wo oko àgbàdo. Ó pẹ́ kí ó tó yọ bírò.

Páìpù méjì ló kọ, tó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ó sì ní kí wọ́n gbé ojú ọ̀nà ga. Ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ náà kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi lẹ́yìn òjò.

Nítorí náà, òjò kan ṣì kù tí a ní láti kọjá. Kọ́ńsẹ́yẹ̀ pín gbogbo àgbà abúlé sí ìsọ̀rí, kí ẹni méjì máa wà létí omi láràárọ̀ àti lọ́sàn-án. Òun fúnra rẹ̀ ló gba ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé itan, ó ń gbé àwọn ọmọ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan léjìká, àwọn obìnrin tó ń lọ sóko sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Kọ́ńsẹ́yẹ̀, ṣé ìbò ọdún tó ń bọ̀ lẹ ti ń rù yẹn?”

“Àwọn yìí ò tíì tó dìbò,” ó dáhùn, ó ń mí gúlegúle. “Ọ̀fẹ́ ni mò ń rù wọ́n.”

“Bàbá,” ni ọmọ mi sọ láti orí èjìká rẹ̀, “tí bàtà mi bá tutù, màá rántí yín tí mo bá tó dìbò.”

Mo wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, yálà ọjọ́ mi ni tàbí kì í ṣe ọjọ́ mi.

Wọ́n ri àwọn páìpù náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo wọn ihò méjèèjì kí wọ́n tó da erùpẹ̀ bò wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dúró de òjò lẹ́yìn náà. Nígbà tó rọ̀ fún ọjọ́ méjì tẹ̀ léra, mo tẹ̀ lé ọmọ mi ní òwúrọ̀ kẹta, pẹ̀lú àgékù aṣọ kan lọ́wọ́, èyí tí mo máa ń fi nu ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bá ti kọjá tán. Omi náà dé pẹ̀lú ariwo rẹ̀. Ó wọ inú páìpù méjèèjì, ó kún wọn kọjá ìdajì, ó sì jáde lódìkejì. Ojú ọ̀nà kò mọ̀ pé ohunkóhun ń kọjá lábẹ́ òun.

“Màmá, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn,” ọmọ mi wí.

Mo dúró níbi tí ọ̀pẹ wà tẹ́lẹ̀. Ó rìn kọjá, kò sáré, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti òdìkejì kí n lè rí i. Bàtà rẹ̀ gbẹ. Mo ká àgékù aṣọ náà, mo fi sápò, mo sì yí padà sílé kí ó tó wọ inú ilé ẹ̀kọ́.