Edé Pupa Inú Ibú àti Ìgò Ọsàn

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, asọ̀rọ̀mágbèsì kìlọ̀ fún àwa òbí. Wọ́n ní ọmọ kan mu kẹrosíìnì, nítorí náà kí oníkálùkù gbé kẹrosíìnì rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti ní tó o. Ọkọ mi ní ìkìlọ̀ náà dára. Èmi ní kò tó. Wọ́n sọ ibi tó yẹ ká gbé e sí, wọn kò sọ irú ohun tó yẹ ká rọ ọ́ sí. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìgò ilé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbóòórùn ẹnu wọn.

Bísí, àkọ́bí mi, tó ti wà ní ilé-ìwé girama báyìí, ń fi mí rẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣebí àná lẹ yẹ̀ wọ́n wò."

"Ìgò àná kọ́ ni ìgò òní," ni mo dá a lóhùn.

Kò mọ ìdí rẹ̀. N kò sọ ọ́ fún un rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkìlọ̀ náà tún dún ní ìrọ̀lẹ́, tí wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ kan kún un, mo mú bírò.

Kí òmìnira tó dé ni mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kékeré kan lẹ́yìn Agodi ní Ìbàdàn. Ẹja àti àwọn ohun abẹ̀mí inú omi ni wọ́n ń wádìí níbẹ̀. Ilé náà kò sí mọ́. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbà mí kò ju pé mo ka ìwé girama, ọwọ́ mi kì í sì í gbọ̀n bí mo bá ń yàwòrán. Iṣẹ́ mi ni kí n ya òkú ẹranko inú ìgò bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rìnlá, n kò gbọdọ̀ ya mẹ́tàlá, bí ọ̀kan tilẹ̀ fara pamọ́ sábẹ́ èkejì.

Bàbá Ràímì ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Beyerunka ni, láti ìdílé àwọn aránṣọ, ilé-kéwú nìkan ló sì lọ. Òun ló ń tọ́jú gbogbo òkú ẹranko wa: òun ló ń rọ sìpíríìtì, ọtí olóró tí kì í jẹ́ kí òkú jẹrà, sínú ìgò wọn, òun ló ń pààrọ̀ rẹ̀, òun ló sì ń fi sísọ́ọ̀sì là wọ́n nígbà tí Dókítà bá fẹ́ wo inú wọn. Dókítà yìí kì í ṣe oníṣègùn o. Obìnrin òyìnbó kan ni, tó kàwé débi gíga nípa edé àti akàn. Ọjọ́ kìíní tí mo débẹ̀, òórùn fọ́málíìnì, oògùn tí a kọ́kọ́ ń rì òkú ẹranko sí, mú kí omi máa dà lójú mi, mo sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Bàbá Ràímì fa ọwọ́ mi sísàlẹ̀.

"Ìyá Bísí, níbí, a kì í fọwọ́ kan ojú, a kì í fọwọ́ kan ẹnu. Ẹ lọ fọ̀ ọ́. Ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹni fẹ́ kírun."

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, mo máa ń mú Bísí gba Beyerunka kọjá ká tó lọ sílé ní Àrẹ̀mọ, nítorí pé Sìfáwù, ọmọ Bàbá Ràímì, jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà làwọn méjèèjì. Wọ́n á máa sáré káàkiri agboolé, àwọn àgbà á sì máa fi Bàbá Ràímì ṣẹ̀fẹ̀.

"Ràímì olókùú edé! Ṣé edé tìrẹ kò ṣeé sebẹ̀ ni?"

"Ó ṣeé sè dáadáa. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ni kò ní lè sọ bó ṣe dùn."

Gbogbo agboolé á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Lọ́dún yẹn, nígbà ọdún Kérésì, Dókítà fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgò ọsàn kan, èyí tí wọ́n ń ti ìlú òyìnbó gbé wá, tí a máa ń bu omi là kí á tó mu ún. Mo gbé tèmi lọ sí Beyerunka, a sì là á fún àwọn ọmọ méjèèjì. Sìfáwù gbé ìgò náà sókè sí oòrùn, ó ń wo bí ọsàn inú rẹ̀ ṣe ń dán. Ó ní, "Ìyá Bísí, ọjọ́ wo ni wọ́n tún máa fún yín?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìgò yìí sọ́kàn.

Lẹ́yìn Kérésì ni edé pupa náà dé. Ọkọ̀ ojú omi kan tó ń wá ẹja kiri lójú òkun ló ju àwọ̀n sínú ibú, níbi tó jìn débi pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò débẹ̀ rí. Awakọ̀ wa ló lọ gbé e wá láti Èkó. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tó fi ń pariwo.

"Ìyá Bísí, ẹ wá wo edé tó ń tu iná!"

"Iná kẹ̀?"

"Àwọn ará ọkọ̀ ló sọ fún mi. Wọ́n ní bí àwọn ṣe dà á sílẹ̀ ló tu omi kan jáde lẹ́nu, omi náà sì ń tàn bí iná aláwọ̀ òféfèé. Wọ́n sá!"

Dókítà ní òótọ́ ni. Àpò omi kékeré kan wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀ tó ń tu ìmọ́lẹ̀ yẹn, kí ojú ọ̀tá lè ṣókùnkùn kí òun sì rí àyè sá lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n rí, nínú gbogbo ìrìn wọn.

Edé tí à ń rà ní Ọjà'ba kò ju ìka lọ. Èyí gùn láti ọrùn ọwọ́ mi dé orí ìka mi. Ó pupa bí ẹ̀jẹ̀, láti ìrù dé ojú. Dókítà ní nínú òkùnkùn ibú, pupa kì í hàn, dúdú ni. Ẹ̀gún líle kan yọ gbọọrọ níwájú orí rẹ̀, ó ní eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ayùn. Bí gbogbo ìran edé àti akàn, kò ní egungun nínú, èèpo tó le ló fi bora. Bó bá sì fẹ́ dàgbà, ó ní láti bọ́ èèpo yẹn sílẹ̀ kó hu òmíràn. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Bàbá Ràímì fi ẹ̀mú gbé etí rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ wò ó, bí agbádá ni wọ́n ṣe rán an. Ọrùn nìkan ni wọ́n ti so ó." Lábẹ́ agbádá náà ni àwọn ohun tó fi ń mí wà, wọ́n pọ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ, nítorí pé ibú tó ń gbé kò ní afẹ́fẹ́ púpọ̀.

Nígbà tí a yí àyà rẹ̀ sókè, a rí ohun tó jẹ́ kí Dókítà pariwo. Àwọn èèpo pẹlẹbẹ hù láti ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n bo ara wọn bí ìka ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì bu omi. Àpò ọmọ ni. Àwọn ọmọ edé kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, pẹ̀lú ojú dúdú wínníwínní. Àwa a máa pọn ọmọ sẹ́yìn. Òun, àyà ló gbé tirẹ̀ sí, kò sì ju ìkankan sílẹ̀ nígbà tí àwọ̀n gbé e.

Iṣẹ́ kánjúkánjú ló wá kàn mí. Pupa edé kì í pẹ́ nínú ìgò. Bí ó bá ti kúrò nínú fọ́málíìnì tó bọ́ sínú sìpíríìtì, àwọ̀ rẹ̀ á máa yọ́ sínú omi náà, títí òun fúnra rẹ̀ á fi funfun bí owú. Nítorí náà mo kun àwòrán rẹ̀ kí ó tó ṣá. Nígbà tí mo parí, Bàbá Ràímì gbé e sínú sìpíríìtì, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Sìpíríìtì àkọ́kọ́ tó dà kúrò ti gba gbogbo pupa yẹn. Ó wá mọ́ gaara, ó sì ní àwọ̀ ọsàn.

A kì í da irú rẹ̀ nù. Bàbá Ràímì a máa tọ́jú rẹ̀ fi fọ ìgò tí à ń kó òkú ọ̀pọ̀lọ́ sí. Ìgò òfìfo tó bá sì sún mọ́ ọn ló ń rọ ọ́ sí, nítorí pé ìgò òfìfo kì í ṣe ohun tí ọmọ Ìbàdàn ń jù nù. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan nínú ìgò ọsàn tí Dókítà pín ní Kérésì ló sún mọ́ ọn.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé orúnkún ń dun ìyá rẹ̀ nílé, àti pé ó ti ń gbé sìpíríìtì díẹ̀díẹ̀ lọ fún un láti fi pa á. Funfun ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí nílé, kí ó tó gbé èyí tó wà nínú ìgò ọsàn yìí lọ. Òórùn rẹ̀ ni ìyá àgbà fi mọ èyí tó dé tẹ̀lé e. Ó fi pa orúnkún, ó dé e, ó gbé e sẹ́yìn àpótí aṣọ rẹ̀. Ẹ ò rí i? Ó gbé e pamọ́, gẹ́gẹ́ bí asọ̀rọ̀mágbèsì ṣe wí.

Níbi tí Sìfáwù ti ń wá ọmọ ayò tó yí sẹ́yìn àpótí ló ti rí ìgò Kérésì.

Awakọ̀ wa ló gbé ìròyìn náà wá ní ọjọ́ kejì. Mo fi kálámù sílẹ̀, mo lọ sí ọsibítù. Bàbá Ràímì jókòó sórí àga gbọọrọ níta, ìyàwó rẹ̀ fi orí lé e léjìká.

"Wọ́n ní kí á máa ṣàdúrà," ló wí.

"Báwo ló ṣe mu ún tó, Bàbá?"

"Ó da omi là á. Bí ẹ ṣe ń là á fún wọn."

Bí mo ṣe ń là á fún wọn. Mo jókòó tì wọ́n títí oòrùn fi wọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ Ọlọ́run, kí ọmọ yẹn jí béèrè omi. Kò jí. Kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀ ló lọ. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹ̀sìn wọn. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kò sì débẹ̀, nítorí pé ojú òbí kì í rí sàréè ọmọ.

Nígbà tí mo lọ kí wọn, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ ní agboolé. Wọ́n ní edé tó ń tu iná ni. Wọ́n ní abiyamọ ni, wọ́n pa á tòun tọmọ, òun náà sì ti wá gba ọmọ. Ìyá àgbà gbà á gbọ́. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé pé, "Ohun inú òkun ló tẹ̀lé ọmọ mi wálé."

Bàbá Ràímì padà síbi iṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wá dúró tì mí níbi tí mo ti ń ya àpò ọmọ edé náà.

"Ìyá Bísí, ẹ̀yin kàwé. Ẹ sọ ọ́ fún mi. Ṣé edé yìí ni, àbí ohun inú ìgò yẹn ni?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní edé ni, yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ṣì ku ọmọ nílé rẹ̀, ó sì ku ìgò.

"Ohun inú ìgò ni, Bàbá. Edé náà ti kú kó tó dé Ìbàdàn. Kò lè tẹ̀lé ẹnikẹ́ni."

Ó mi orí. "Mo mọ̀. Gbogbo wọn ló ń ṣàánú mi. Mo fẹ́ kí ẹnìkan má ṣàánú mi."

Ó kù kí a la edé náà, nítorí Dókítà fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ. Ó ní òun lè pe ẹlòmíràn. Bàbá Ràímì kọ̀, ó ní iṣẹ́ òun ni. Ó là á láì ba ọmọ kan jẹ́ nínú àpò. Mo fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wo ìfun rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òfìfo ni. Ọ̀rá tó yẹ kó wà lára rẹ̀ pàápàá ti gbẹ mọ́ra. Dókítà wò ó títí, ó ní ó jọ pé láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti wọ àpò yẹn, ìyá wọn kò jẹun mọ́, ọ̀rá ara rẹ̀ ló fi ń gbé e, títí wọn yóò fi jáde.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá Ràímì. Ó fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Ó ṣọ́ wọn o," ló wí. Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an nídìí omi náà.

Ní ọjọ́ kejì ó kó gbogbo ìgò ọsàn, ìgò ọtí àti ìgò mínírà inú ilé iṣẹ́ jáde, ó fọ́ wọn sínú kòtò. Láti ìgbà náà, ìgò búlúù tó ní ìlà gbágungbàgun lára nìkan ló ń rọ ohun olóró sí, irú èyí tí ọwọ́ yóò mọ̀ bí ojú kò bá tilẹ̀ rí i. Gbogbo ẹni tó bá gba iṣẹ́ tuntun ló ń kọ́ pé ọmọdé kì í ka ohun tí a lẹ̀ mọ́ ìgò, ìgò gan-an ni ọmọdé ń kà. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, fìlà ló ń rán ní Beyerunka. Mo máa ń lọ kí i nígbà Iléyá. Inú ìkòkò ni omi wọn wà. N kò rí ìgò kan nílé rẹ̀ mọ́.

Bísí béèrè Sìfáwù lọ́wọ́ mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mo ní wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Bí mo bá kọ èyí tán, òun ni n ó kọ́kọ́ fún kà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́: ẹ má rọ ohun tí a kì í mu sínú ìgò ohun tí a ń mu. Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ dìde lọ dà á nù nísinsìnyí, kí ẹ sì fọ́ ìgò náà.