Àwọn Ẹja Inú Yàrá Ìyá Mi

Iṣẹ́ mi nígbà yẹn ni kí n máa ka iye ìgbà tí ẹja ń mí láàrin ìṣẹ́jú kan. Ẹja kì í mí bíi tiwa. Omi ló máa ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé, á gba abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà á máa ṣí, á máa pa dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ni mò ń kà. Màá jókòó síwájú àpótí dígí pẹ̀lú bírò àti ìwé, mi ò sì ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bàbá onílé wa ní Iba wọlé wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wo àwọn ẹja náà, wọ́n wo èmi náà, wọ́n ní, "Ẹja tí ò gùn tó ìka ọwọ́ yìí, ọbẹ̀ wo lo fẹ́ fi í sè?" Mo ní kì í ṣe fún ọbẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ," wọ́n bá jáde. Inú bí mi gidi, nítorí pé àwọn nìkan ni àlejò tí mo ní lọ́sẹ̀ yẹn, wọn ò sì jókòó.

Ohun tí mò ń wá kò lọ́jú pọ̀. Èéfín mọ́tò, èéfín jẹnẹrétọ̀, èéfín ilé-iṣẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ń gòkè lọ, òkun sì ń fà lára rẹ̀ mu. Gáàsì kan wà nínú èéfín náà, òun náà ni wọ́n ń fẹ́ sínú míńírà kó lè máa hó. Bó bá wọ inú omi òkun, omi á kan díẹ̀, kì í ṣe kíkan tí ahọ́n èèyàn lè mọ̀. Ẹja mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà á fẹ́ máa kan, ara rẹ̀ á wá máa ṣe àṣekún iṣẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà lè padà sí bó ṣe yẹ. Agbára tó yẹ kó fi dàgbà, tó yẹ kó fi sá fún ọ̀tá, á máa lò ó tán sórí àtimí. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ ní orí ẹja máa ń dàrú débi pé kò ní mọ òórùn ohun tó fẹ́ pa á jẹ mọ́. Àwọn mìíràn ní àsọdùn ni. Èmi ò dá sí ìjà wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mò ń kà ní tèmi.

Àwọn ẹja kékeré aláwọ̀ búlúù ni mo lò, irú èyí tó ń gbé láàrin òkìtì iyùn nísàlẹ̀ òkun, níbi tí omi ti mọ́ tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. A ò ní irú ibẹ̀ l'Ékòó. Ọkùnrin kan tó ń kó ẹja ọ̀ṣọ́ wọ̀lú ló bá mi kó wọn wá, ó sì ti sọ fún mi pé òun ò ní kó irú wọn wá mọ́, torí pé wọ́n ń kú sí òun lọ́wọ́ lọ́nà. Ní ti omi, mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ojo lọ bù ú létí òkun, màá kó o dé nínú kẹ́ẹ̀gì. Àpótí mẹ́rin ni. Mò ń fẹ́ gáàsì míńírà tí mo rà ní Okokomaiko sínú méjì kí omi wọn lè kan. Méjì tó kù, mo fi wọ́n sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá òkun, kí n lè máa fi tọ̀hún wé wọn. Gbogbo iṣẹ́ náà dúró lórí pé kí omi méjì tó dára yìí má bàjẹ́. Ọ̀gá mi ní yunifásítì, obìnrin tó máa fẹ̀yìn tì lópin ọdún, ti kìlọ̀ fún mi pé bí àwọn bá ti lọ, kò sẹ́lòmíràn tó máa lè bá mi parí ẹ̀.

Ó yẹ kí àwọn àpótí náà wà nílé-ìwé. Èmi ni mo bẹ ọ̀gá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbé wọn wálé, mo ní kí n lè máa ṣọ́ wọn dáadáa ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé yàrá ìyá mi ṣófo. Yàrá méjì la háyà ní Iba, èmi ní kan, àwọn ní kan, wọ́n sì kú lóṣù tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà. Mi ò lè fara da kí n máa kọjá níwájú ilẹ̀kùn yẹn kí n má gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbé àwọn àpótí síbẹ̀, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi bẹ̀rẹ̀ sí í hó pọ̀pọ̀pọ̀, ara tù mí.

Mo kọ́kọ́ gbé àga wọlé. Lẹ́yìn náà, mo gbé gáàsì ìdáná olójú kan wọlé, kí n má baà máa fi wọ́n sílẹ̀ lọ se ìrẹsì. Nígbà tó yá, mo kó ìrọ̀rí mi sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. Ọyẹ́ ti dé, eruku ń bò wá, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì wà lábẹ́ fèrèsé gan-an. Mo bá ti fèrèsé pa, mo fi aṣọ dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Mò ń sè níbẹ̀, mò ń jẹ níbẹ̀, mò ń sùn níbẹ̀. Mo máa ń kí àwọn ẹja náà káàárọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi mí ṣẹ̀sín o, nítorí fóònù mi lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kó má dún.

Lọ́sẹ̀ kẹta, àwọn ẹja tó wà nínú omi tó dára bẹ̀rẹ̀ sí í mí kíákíá. Mo kà á, mo tún un kà. Mo ki mítà bọ omi náà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, ó ní omi ti kan. Omi tí mi ò fẹ́ gáàsì kankan sí! Ẹni tó bá ń gbé lágbègbè wa mọ ohun tó máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn: ọjà Alaba ni mo ti ra mítà, ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Mo gbé e, ó di Alaba. Mo pariwo lé ọkùnrin Ìgbò tó tà á fún mi lórí títí èrò fi dúró wò wá. Ó rọra pààrọ̀ ẹ̀. Mo délé, mo ki tuntun bọ omi, ohun kan náà ló sọ. Kàkà kí n ronú, ṣe ni mò ń fi ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún ọkùnrin yẹn dánra wò. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi gbé e sọ́kàn kí n tó padà lọ.

"Madam, you don come again?" ló wí.

"Fake ni èyí náà. Ẹ̀ ń ta fake fún èèyàn!"

Kò bá mi jà. Ó bu píọ́ wọ́tà sínú ife, ó mú mítà mẹ́ta mìíràn jáde nínú páálí, ó ki wọ́n bọ̀ ọ́ pẹ̀lú tèmi. Nǹkan kan náà ni gbogbo wọn sọ.

"Madam, no vex," ló wá ní. "Four of dem no fit gather lie. Na your water you go check."

 Mo jókòó sórí páálí kan níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, mo pe ọ̀gá mi.

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Iba lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Wọ́n ò tíì wo ẹja kankan tí wọ́n fi ń fi ìwé fẹ́ ara wọn.

"Kí ló dé tí inú ibí há báyìí? Ta ló ń sùn níbí?"

"Èmi ni, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mà."

"O sì ń dáná níbẹ̀?"

Ìkòkò ìrẹsì wà nílẹ̀, mi ò lè purọ́. Wọ́n lọ ṣí fèrèsé, ariwo jẹnẹrétọ̀ wọlé, eruku bá a wọlé. Wọ́n wá jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Gáàsì míńírà tí ò ń rà l'Okokomaiko yẹn," ni wọ́n ní, "òun náà lò ń mí jáde. Òun náà ni iná ìdáná ẹ ń tú jáde. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi yìí, níbo ló ti ń fà á? Nínú yàrá tó o tì pa yìí náà ni. Ọmọ mi, ìwọ lo wà nínú omi wọn."

Mo mọ̀ ọ́n o. Mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò rí, mo sì ti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní rí. Kò ṣáà wá sí mi lọ́kàn rí pé èmi náà lè wà lára ohun tó ń da ẹja láàmú. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo àpótí náà.

Wọ́n fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì náà. "Ti màmá ẹ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. 

"Ohun tó o ti kà tẹ́lẹ̀ ti ṣòfò," ni wọ́n wá sọ. "Ṣùgbọ́n àwọn ẹja yìí ṣì wà láàyè, àsìkò sì ṣì kù fún wa bá a bá tètè tún un bẹ̀rẹ̀. Wàá wọlé láàárọ̀, wàá kà, wàá jáde. Fèrèsé ò gbọ́dọ̀ tì, kó o sì bẹ aládùúgbò ẹ kó gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn kúrò lábẹ́ ẹ̀. Bó ò bá lè fi wọ́n sílẹ̀, wí fún mi, ká pa iṣẹ́ yìí tì. Mi ò ní bá ẹ jà."

Mo ní màá fi wọ́n sílẹ̀.

Mo kó ìrọ̀rí, mo kó ìkòkò, mo kó àga padà sí yàrá tèmi, tó dákẹ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Mọ́ńdè. Láràárọ̀, màá wọlé, màá kà, màá yára jáde. Ọjọ́ àkọ́kọ́ kọjá, kò sí ìyàtọ̀. Kí n sòótọ́, mo gbàdúrà pé kó jẹ́ pé ọ̀gá mi ló ṣìnà. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, mímí wọn ń dínkù. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, omi ti padà bó ṣe wà, àwọn ẹja náà ń lọ, wọ́n ń bọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ń jẹun dáadáa.

Ọ̀gá mi pè láti béèrè wọn. Mo ní ara wọn ti balẹ̀, pé àtìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ wọn ni ara wọn ti balẹ̀. Inú ọ̀gá mi dùn, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí fóònù, èmi náà ń ṣe àmín. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì sunkún bí mi ò ṣe sunkún lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi.