Ẹni Tó Ń Bá Ìyá Mi Tọ́ Báfì Wò

Òórùn wàrà tó fẹ́ jó mọ́ ìdí ìkòkò ni ó jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí ààwẹ̀ yóò parí, nínú ilé wa ní Ìbàdàn. Obìnrin Fúlàní tó máa ń gbé wàrà tútù wá ti wá, ó sì ti lọ. Ìyá mi jókòó lórí àpótí nídìí ààrò, ó ń fi ọmọ orógùn ro wàrà náà láìdáwọ́ dúró. Báfì, àdídùn wàrà àwọn ará Íńdíà, ni ó ń ṣe sílẹ̀ de Ìtúnu.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé ìwé nígbà tiwa yóò rántí àwọn olùkọ́ ará Íńdíà. Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn, tí ilé rẹ̀ fi ògiri ti tiwa, ni ó kọ́ ìyá mi. Nígbà ọdún tiwọn, tí wọ́n bá tan fìtílà sí gbogbo ojú fèrèsé, obìnrin yìí a se wàrà títí yóò fi ki, a da ṣúgà àti kádámọ́mù, èso olóòórùn dídùn tí wọ́n ti lọ̀, sí i, a tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ, a sì gé e kéékèèké bí ẹni gé ọṣẹ. Nígbà tí wọ́n padà sí ìlú wọn, ìyá mi sọ ọ́ di oúnjẹ Ìtúnu.

Ṣùgbọ́n aláàwẹ̀ ni ó ń sè é. Àwọn àfáà ti sọ fún ìyá mi pé kò burú bí ó bá tọ́ ọ wò tó sì tu ú dànù. Kò gbà. Ó ní, "Ahọ́n kì í tọ́ nǹkan wò kó má sọ fún ọ̀fun." Nítorí náà èmi àbíkẹ́yìn, tí wọ́n gbà pé n kò tíì tó ààwẹ̀ gbà, ni mo máa ń bá a tọ́ ọ wò. "Ẹnu mi" ni ó máa ń pè mí lọ́jọ́ náà.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi Múfútáù jẹ sààrì. Mo fẹ́ gba ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn dé òpin, kí èmi náà lè dúró láàárín àwọn tó gbà á. Múfútáù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ààwẹ̀ ẹ̀yìn àmù ni tìrẹ. Jẹ́ kí oòrùn mú díẹ̀ ná."

Nígbà tí oòrùn mú, ìyá mi na ṣíbí sí mi. "Ẹnu mi, wá."

"Màámi, mo ń gbààwẹ̀."

"Ta ló ní kí o gbà á?"

"Èmi náà ni, mà."

Kò bínú. Kò sì lè dìde, nítorí wàrà náà kò gbọdọ̀ dúró. Mo jáde, mo wọlé, mo tún jáde. Bí ṣúgà bá ti pọ̀ jù, kò sí ẹni tó lè yọ ọ́, ilé àwọn ẹbí bàbá mi ni àwo àkọ́kọ́ sì ń lọ, níbi tí wọn kì í gbàgbé àṣìṣe ìyàwó. Níkẹyìn ó ní, "Ẹni tó bá fún aláàwẹ̀ ní ìṣínu, òun náà ní láádá rẹ̀." Mo la ẹnu. Mo ń sunkún bí mo ti ń sọ fún un pé ṣúgà ku díẹ̀.

Ṣìfáwù, ìyàwó mi, kọ́ báfì lọ́wọ́ ìyá mi kí a tó wá sí Dublin. Láti ìgbà tí dókítà ti gba ààwẹ̀ lọ́wọ́ mi nítorí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èmi ni mò ń bá òun náà tọ́ ọ wò. Ìtúnu ọdún yìí ni àkọ́kọ́ tí Ṣìfáwù kò sí láyé. N kò lè jókòó sójú kan mọ́. Mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti àárín ìgboro dé Tallaght, níbi tí ọ̀nà rẹ̀ parí sí, láìsí ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀, mo sì bá a padà.

Lánàá, Ráfíátù ọmọ wa ní òun yóò se báfì náà. Ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Dublin ni ó fi ń dáni lóhùn. Mo lọ ra kádámọ́mù fún un ní Parnell Street. Nígbà tí mo padà dé ilé wa ní Huntstown, mo ń wọ ilé ìdáná, mo ń jáde.

"Dad, would you ever sit down," ni ó wí, kò gbé ojú kúrò lórí ìkòkò. Nígbà tó yá, ó na ṣíbí sí mi, nítorí ó ń gbààwẹ̀.

Mo tọ́ ọ wò. Ṣúgà rẹ̀ ti pé. Ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́sí ì bá sọ bẹ́ẹ̀ kíá, kó sì sá jáde. Ó sunkún nítorí pé ẹnìkan nílò ẹnu rẹ̀. Èmi mú ṣíbí náà dání.

Mo ní, "Máa rò ó lọ. Jẹ́ kí n tún un tọ́ wò."