Fulera Lọ Bèèrè Ọ̀nà Odò

Wọ́n ní Fulera yadi níwájú Baálẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ìgbéraga ló dì í lẹ́nu. Irọ́ gbuu! Fulera tó jẹ́ pé bó bá gbé igbá wàrà wọ̀lú, ohùn rẹ̀ lẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí i?

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyí. Kò pẹ́ tí wọ́n fún wa ní ìpínlẹ̀ Kwara ni Barnabas, àgbẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agbamu, kọ ebè iṣu dí ọ̀nà tí àwọn màlúù Fúlàní ń gbà lọ mumi. Ó ní ìpínlẹ̀ ti di tiwa, kí àlejò wábi gbà. Àlejò kẹ̀! Gáà, ibùdó àwọn Fúlàní lẹ́yìn Agbamu níbẹ̀, ni wọ́n bí Fulera sí, ibẹ̀ náà ló ti lọ́kọ. Ọ̀gbẹlẹ̀ sì ti dé, àwọn ọmọ màlúù ń kú. Ọkọ rẹ̀ ti da àwọn tó lágbára lọ wá omi lápá Omupo. Ni Fulera bá da ìborùn borí, ó di ilé Baálẹ̀.

"Ta ló ni àwọn màlúù yìí?" Baálẹ̀ bi í lójú gbogbo ìpàdé.

"Bàbá àwọn ọmọ mi ni, Bàbá."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Fulera wolẹ̀.

"Bàbá rẹ̀ tó kọ́kọ́ gba ọ̀nà ńkọ́? Bá a bá mọ̀ pé ọ̀nà àtijọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí i."

Ó tún wolẹ̀. Èèwọ̀ ni láàárín àwọn Fúlàní kí ìyàwó la ẹnu pe orúkọ ọkọ tàbí ti bàbá ọkọ. Ó mọ̀ pé bóun ò bá pè é, ọ̀nà odò lọ nìyẹn.

Barnabas bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i? Kò mẹni tó ni wọ́n!"

"Bàbá Helen, ẹ rọra," ni Caroline ìyàwó rẹ̀ ké láti àárín àwọn obìnrin. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, ọjọ́ wo lẹ gbọ́ orúkọ yín lẹ́nu mi? Àbúrò yín pàápàá, Adúmáadán ni mò ń pè é!"

Ni àwọn obìnrin bá pàtẹ́wọ́. Ó ká Barnabas lára, ló bá pariwo.

"Orúkọ wo ló ṣòro níbẹ̀? Ta ni ò mọ Jùbrílù? Ta ni ò mọ Àbúdùlàhí bàbá rẹ̀, tó ti ń da màlúù gba ibẹ̀ kí wọ́n tó bí mi?"

Barnabas fọwọ́ bo ẹnu, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́.

"O ṣeun, Barnabas," ni Baálẹ̀ wí, ẹ̀rín ń mì ín níkùn. "Ẹlẹ́rìí wo la tún ń wá? Bó o bá dóko, tú ebè ojú ọ̀nà."

Ó tú u lóòótọ́. Fulera fúnra rẹ̀ ru ìgbẹ́ màlúù wá fún àwọn ebè tó kù.

Mo bi í pé ká ní Barnabas ò la ẹnu ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí.

"Ǹ bá jókòó síbẹ̀ títí àwọn màlúù á fi wá mi wá. Àwọn kúkú mọ̀nà."