Bí Láyíwọlá Ṣe Sin Ìtàn Ilé-Ìwé Àwọn Júù

Ọkọ mi Láyíwọlá kì í ju nǹkan nù. Ẹ wá wo gáréèjì wa ní Mesquite, ìlú kan lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà: ike bọ́tà lóríṣiríṣi, wáyà ẹ̀rọ tó ti kú, ó ní gbogbo rẹ̀ ló lọ́jọ́ tí yóò wúlò.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń gbálẹ̀, tó ń tún ilẹ̀kùn ṣe, ní ilé-ìwé ẹ̀sìn àwọn Júù kan ní Dallas. Àwọn wọ̀nyẹn kì í da ìwé tó bá ní orúkọ Ọlọ́run nínú sí pàǹtírí. Bó bá gbó, wọ́n á kó o sínú àpótí kan, wọ́n á sì lọ sin ín ní itẹ́ òkú bí ẹni ń sin èèyàn. Nígbà tí ọkọ mi, díákónì ìjọ wa, gbọ́ èyí, orí rẹ̀ wú. Kò lè ka èdè Hébérù, àmọ́ ìwé yòówù tó bá ti rí lẹ́tà wọn lára rẹ̀, inú àpótí ni. Ìwé oúnjẹ ọ̀sán, àpótí. Ìkìlọ̀ nípa iná orí àwọn ọmọ, àpótí. Á tún ṣàmín lé e.

Lóṣù méjì sẹ́yìn, ọ̀gá wọn tuntun, Rábì Reuben, sọ pé ilé-ìwé yóò pé àádọ́ta ọdún lọ́dún mẹ́ta sí i, òun sì fẹ́ tẹ ìtàn rẹ̀ jáde. Ó ń wá ìwé ìtàn kan tí olóògbé Albert, olùkọ́ àkọ́kọ́, fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lédè Hébérù. Ọkọ mi wálé, kò lè jẹun.

“Ìyá Kíkí, mo ti sin ín.”

“Ta lẹ sin?”

“Ìwé Albert. Ó ti tó ọdún mẹ́fà.”

Inú bí mi. “Ẹ̀yin tí ẹ kì í ju ike bọ́tà nù, ìtàn onítàn lẹ wá lọ bò mọ́lẹ̀?” Ọdún méjì péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Bíṣẹ́ bá bọ́ báyìí, ta ni yóò gba ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta? Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ jẹ́wọ́. Rábì gbórí lé ọwọ́. Ó ní ilẹ̀ á ti jẹ ìwé yẹn tán, kò sì sẹ́nì kan tó kù nínú àwọn tó bá Albert ṣiṣẹ́.

Ọkọ mi ní, “Sà, ó ku èmi.”

Òótọ́ ni. Bó bá ti ń gbálẹ̀ nírọ̀lẹ́, Albert fúnra rẹ̀ á jókòó tì í, á máa ròyìn bí ilé-ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀: yàrá méjì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, ọmọ méje, òrùlé tó jẹ́ pé orí tísà nìkan ló ń jò sí.

Rábì mú bírò. Ó ní kó máa wá sọ ọ́ fún wákàtí kan ní gbogbo Ọjọ́rú, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ìtàn yóò fi tán.

Mo dúpẹ́, mo sunkún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo bi í pé ibo ni wọ́n bá a dé. Ó ní nínú ìtàn náà, wọ́n ṣì ń kun ògiri yàrá àkọ́kọ́.

“Láti oṣù kan? Bàbá Kíkí, kí ló dé?”

Ó rọra bu ọbẹ̀ sórí ìrẹsì. “Ọdún méjì tó kù yìí kì í ṣe kékeré, Ìyá Kíkí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ilẹ̀kùn.”